Omi Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ọṣẹ Hó: Ìlàlóye fún Àwọn Onílé ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá ti fi omi kànga fọṣọ, tí ọṣẹ kọ̀ tí kò hó, tí nǹkan funfun bí ọ̀rá sì ń léfòó lójú omi, ti mọ ohun tí à ń pè ní omi líle. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí òjò bá ti ṣú ni wọ́n ń gbé bàsíà síta, torí omi òjò kò tíì gba inú òkúta kọjá.

Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn lójú ilẹ̀ ní tirẹ̀. Inú àpáta ni omi kànga àti ti bọ́hóòlù ti ń jò wá, ibẹ̀ ló sì ti ń yọ́ kálíṣíọ̀mù àti magnesium díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òṣùwọ̀n kankan lélẹ̀ fún líle omi nítorí ìlera. Àpò onílé ni omi líle ń bá jà: ọṣẹ ń tètè tán, inú kẹ́tùlù ń funfun bí ẹfun, ihò ṣáwà ń dí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tí ẹ ní

Ibí yìí gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Omi tó ń sọ aṣọ funfun di pupa rẹ́súrẹ́sú ni ọ̀pọ̀ ń pè ní omi líle. Irin ló wà nínú ìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ pọn omi sínú abọ́ funfun lálẹ́. Bó bá mọ́ gaara nígbà tí ẹ pọn ọ́n, tó wá pọ́n tàbí tó sílẹ̀ ní àwọ̀ ìdípẹtà láàárọ̀, irin ni. Ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè sínú dúrọ́ọ̀mù kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kí ẹ sì fi iyanrìn sẹ́ ẹ.

Ti líle omi, ọṣẹ dúdú ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe Omo, torí pé Omo ń hó nínú omi líle náà. Ẹ bu omi ilé sínú ìgò kan, omi òjò sínú èkejì, ẹ fi ọṣẹ tó tó ẹ̀wà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mì wọ́n. Ìyàtọ̀ á hàn. Bí ẹ bá gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, èyí tí líle rẹ̀ kò tó miligíráàmù 60 nínú lítà kan rọ̀. Èyí tó ju 180 lọ le gan-an. Àpáta tiwa kì í ṣe irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò wọ́tà sọ́fúnà, ẹ̀rọ tó ń mú omi líle rọ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́

Wọ́tà sọ́fúnà ní àgbá méjì. Èkíní kún fún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja, tí sodium lẹ̀ mọ́. Bí omi ti ń kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ á gba kálíṣíọ̀mù, á sì fi sodium sílẹ̀. Bí ó bá yó, omi iyọ̀ láti inú àgbá kejì ni yóò fọ̀ ọ́ mọ́, tí iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá tún le

Ẹ ṣí àgbá iyọ̀ wò. Iyọ̀ lè kún dẹ́nu kó má sì ṣiṣẹ́, torí pé ó ti dì mọ́ra, ó ṣe bí òrùlé, abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ fi ọ̀pá igi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi wó. Iyọ̀ híhóró ló dára. Iyọ̀ kúnná tí a fi ń se ọbẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀.

Bí iyọ̀ bá dára, ẹ wo aago ẹ̀rọ. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣètò pé kí ẹ̀rọ fọ ara rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́wàá, aago á dúró, ọ̀sán gangan tí ẹ ń fọṣọ ni yóò wá máa fọ ara rẹ̀, omi líle lẹ ó sì máa rí. Ẹ tún aago náà ṣe. Ẹ sì wò ó bóyá púlọ́ḿbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn gbàgbé fáàfù sí ipò tí omi ń yà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í dárúkọ: gíga táńkì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fẹ́ agbára omi tó 20 psi ó kéré tán. Táńkì tó ga tó mítà 6 kò lè fún un ju nǹkan bí 9 lọ, ẹ̀rọ kò sì ní lè fa omi iyọ̀ rárá. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì láìrí ìyàtọ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi ló nílò.

Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, nǹkan ti fọ́ nínú àgbá. Ẹ ti omi pa, kí ẹ pe púlọ́ḿbà.

Mímu omi náà

Ẹ̀rọ yìí kì í pa kòkòrò. Omi kànga tó lè fa táífọ́ọ̀dù kí ó tó wọlé, á ṣì lè fà á lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ ṣì ní láti sè é. Omi tí líle rẹ̀ tó miligíráàmù 200 nínú lítà kan, bó bá rọ̀ tán, á ní nǹkan bí miligíráàmù 90 sodium nínú lítà kan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tó ń po mílíìkì ọmọ ọwọ́, kí wọ́n máa pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ omi tí omi rẹ̀ kò gba inú sọ́fúnà kọjá.

Omi iyọ̀ tí ẹ̀rọ ń tú dànù náà, ẹ má darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tàbí sí ibi tí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Ewé á rọ.