Budgie kì í sọ pé ara òun kò yá: Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ kó tó pẹ́ jù?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sin budgie. Wọ́n á ní ẹyẹ náà ṣì ń kọrin lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti kú sí ìsàlẹ̀ àgò. Wọ́n á tún ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ ni pé wọn kò rí nǹkan kan. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹyẹ náà kò kú lójijì. Ó ti lè máa ṣàìsàn fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó kàn ń fi pamọ́ ni.

Budgie, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run tàbí àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà nínú àgò ní àwọn ìlú ńlá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa. Àárín gbùngbùn Australia, níbi tí òjò kò ti pọ̀, ni ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fò kiri ní agbo ńlá láti wá omi àti èso koríko. Lọ́dún 1840 ni John Gould, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kó díẹ̀ lára wọn láàyè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ náà kò jìnnà tí wọ́n fi di ẹyẹ inú ilé káàkiri ayé.

Ìbátan odídẹrẹ́ ni. A ń pe odídẹrẹ́ ní Ayékòótọ́, ẹyẹ tó ń sọ òótọ́ tí ayé kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àìsàn, irọ́ ni gbogbo ìdílé náà ń pa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: nínú agbo, ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò bá le ni àṣá máa ń kọ́kọ́ gbé. Budgie tó ń ṣàìsàn á máa díbọ́n títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ló kù, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ máa wò ó láti òkèèrè

Bí ẹ bá súnmọ́ àgò, ẹyẹ tó ń ṣàìsàn á la ojú, á sì fa ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ẹ máa wò ó, tàbí kí ẹ gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gba fídíò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú yàrá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni ìyẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹyẹ ló máa ń wú ìyẹ́ nígbà tó bá ń sùn tàbí tí òtútù bá ń mú un. Èyí tó wú bíi bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan, tó pa ojú dé ìdajì, tí kò sì dá sí ariwo inú ilé, ń wá bí ara rẹ̀ yóò ṣe móoru ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sùn, èyí tí ara rẹ̀ kò yá sì máa ń fi méjèèjì di igi mú.

Bí ìrù rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò fò, mímí ti di iṣẹ́ fún un. Èyí, tàbí kí ẹyẹ kúrò lórí igi kó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé di ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára budgie kò ju nǹkan bíi mílílítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àgò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹyẹ kì í purọ́. Ẹ tẹ́ bébà funfun sí ìsàlẹ̀ àgò dípò yanrìn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

Ìgbẹ́ budgie tí ara rẹ̀ dá pín sí mẹ́ta: èyí tó ki díẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀, èyí tó funfun bí ẹfun, àti omi díẹ̀ tó mọ́ gaara. Èyí tó funfun àti omi náà ni ìtọ̀ rẹ̀, nítorí ojú ihò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Bí apá funfun náà bá di àwọ̀ ìyeyè tàbí ewé, ẹ fura sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí irúgbìn tí kò dà nínú ìgbẹ́, tí ẹyẹ náà sì ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ irú ìwúkàrà ló wà nínú ikùn rẹ̀. Kí omi pọ̀ lẹ́yìn tó jẹ kùkúńbà tàbí ẹ̀fọ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Bí bébà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ láàárọ̀, ẹyẹ náà kò jẹun, ohun yòówù kí àwo oúnjẹ máa sọ. Àwo oúnjẹ sì máa ń purọ́ gan-an. Budgie máa ń bó irúgbìn kó tó gbé e mì, èèpo rẹ̀ á sì padà bọ́ sínú àwo. Àwo tó dàbí ẹni pé jéró kún inú rẹ̀ lè jẹ́ kìkì èèpo, ebi sì ti pa ẹyẹ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi ẹnu fẹ́ ẹ láràárọ̀, kí ẹ lè rí ohun tó kù.

Lójú tèmi, ohun tó wúlò jù tí ẹni tó ń sin budgie lè rà ni òṣùwọ̀n kékeré ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ budgie kò wọ̀n ju gíráàmù 30 sí 40 lọ. Bí èyí tó jẹ́ gíráàmù 36 bá di 32, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó wọn kílò 70 di kílò 62. Ta ni yóò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é? Ìyẹ́ ló ń bo ti ẹyẹ mọ́lẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn kò ṣòro láti rí. Ara rírọ̀ kan wà lókè àgógó ẹnu rẹ̀ níbi tí ihò imú wà. Bí èèpo funfun tó ní ihò wẹ́wẹ́ bá bo ibẹ̀, kòkòrò tín-ín-tín tó ń gbẹ́ awọ ara ni, oògùn dókítà sì ń kápá rẹ̀. Bí ti akọ tó jẹ́ búlúù tẹ́lẹ̀ bá di àwọ̀ ilẹ̀, kókó lè máa hù nínú kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Abo tó wú, tó sì ń rún ara ní ìsàlẹ̀ àgò, ẹyin lè ti há sí i nínú; ìyẹn kò gba ìdúró rárá.

Èéfín tí ó ti mọ́ wa lára

Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wà káàkiri inú ara ẹyẹ, èémí rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ lọ́nà tó gbéṣẹ́ ju tiwa lọ. Ohun tó mú kó lè fò yìí náà ló ń mú kí májèlé tètè pa á. Àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí. Wọ́n a máa gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò kí ó lè kìlọ̀ fún wọn nípa gáàsì carbon monoxide, wọn kò sì pa àṣà náà tì tán títí di ọdún 1986.

Gáàsì yẹn kan náà ló ń jáde nínú jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé. Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sí yàrá àti èyí tí à ń dáná sun náà léwu fún un. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, á tú èéfín kan jáde tó lè pa budgie láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń dáná kò gbọ́ òórùn kankan. Àgò kò yẹ kó wà nítòsí ilé ìdáná. Píà pẹ̀lú jẹ́ májèlé fún un, bó ti wù kó ṣe ara wa lóore tó.

Kí ni ẹ lè ṣe kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Ooru ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹ ya ẹyẹ náà sọ́tọ̀ sínú àgò kékeré, kí ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sì mú kí ibẹ̀ tó nǹkan bíi ìwọ̀n 30 Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án ní etí òkun, kí ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù lè tó. Lásìkò ọyẹ́ tàbí ní ìlú bíi Jos, ẹ gbé gílóòbù tó ń móoru sí ìta àgò ní apá kan ṣoṣo, kó lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Bó bá ya ẹnu, tó sì na apá kúrò lára, ooru ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ibi tí kò ní gun òkè kó tó dé.

Bí ẹ bá máa mú un, ẹ má ṣe fún àyà rẹ̀. Ẹyẹ kò lè mí bí àyà rẹ̀ kò bá lè gbé sókè, ọwọ́ aláàánú sì ti pa ọ̀pọ̀ wọn báyìí. Ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ti oògùn ló léwu jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń po oògùn apakòkòrò adìẹ tàbí ti ènìyàn sínú omi rẹ̀. Adìẹ kílò méjì ni wọ́n fi ṣírò oògùn yẹn, ẹyẹ gíráàmù 35 sì ni yóò mu ún. Ẹyẹ tó ń ṣàìsàn kì í tilẹ̀ mu omi tó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò mọ iye tó wọ inú rẹ̀.

Ìṣòro tó wà ni pé adìẹ, ajá àti màlúù ni ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ní agbègbè wa ń tọ́jú. Ẹ wá èyí tó mọ̀ nípa ẹyẹ kí àìsàn tó dé. Àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ẹranko, bíi ti Ìbàdàn, Zaria àti Nsukka ní Nàìjíríà, dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Dakar náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Ẹ mú bébà tí ìgbẹ́ wà lórí rẹ̀, fídíò tí ẹ gbà àti ìwọ̀n tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dání.

Bí ibà bá ń ṣe ẹ̀yin náà ńkọ́?

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní psittacosis, tí bakitéríà ń fà, tó ń ti ara budgie àti odídẹrẹ́ ran ènìyàn. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ó tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti ara odídẹrẹ́ tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ gbígbẹ ni àmì rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ibà àti orí fífọ́ bá ṣe, oògùn ibà ẹ̀fọn ló máa ń kọ́kọ́ lò, psittacosis kò sì gbọ́ ti oògùn yẹn. Oògùn apakòkòrò bíi doxycycline ń wò ó bí wọ́n bá tètè dá a mọ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ń sin ẹyẹ, kódà bí kò bá bèèrè. Ẹ sì máa wọ́n omi sí ìgbẹ́ gbígbẹ kí ẹ tó nù ún, kí eruku rẹ̀ má baà gba imú yín.

Bí ẹ bá ra budgie tuntun láti fi ṣe ẹnìkejì èyí tó wà nílé, yàrá mìíràn ni kó wà fún ọjọ́ 30 ó kéré tán, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa wo bébà rẹ̀ láràárọ̀.