Oògùn ikọ́ fée tuntun dé, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: ṣé kí wọ́n jù ú nù ni?

Àsìkò ọyẹ́ kì í bá ẹni tó ní ikọ́ fée ṣeré l'Òfìkì. Eruku ojú títì, èéfín igbó tí wọ́n dáná sun, èéfín èédú tí wọ́n ń sun káàkiri Òkè-Ògùn, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Ilé tí wọ́n bá ti ní alásímà mọ bó ṣe máa ń rí: àyà á máa dún fíì-fíì lóru, ẹni náà ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó ni yóò fi mọ́jú.

Bí dókítà bá wá kọ oògùn tuntun, ẹ ó rò pé ayọ̀ ló máa gba ilé kan. Ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní pẹ́ tí wàhálà mìíràn á fi bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ohùn á há. Ni alára á bá ju oògùn sórí pẹpẹ, á ní kí oògùn má pa òun kí àìsàn tó pa òun. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Bí ikọ́ yẹn bá ká èèyàn mọ́ láago méjì òru, Ṣakí tí ọsibítù ńlá wà kì í ṣe ibi téèyàn ń fẹsẹ̀ rìn dé.

Ó nídìí tí oògùn tuntun fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2023, ni ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Àwọn ló ni Ventolin àti Seretide. Kò pẹ́ tí ìnhélà fi di ohun àwátì, owó ẹ̀ sì lọ sókè réré. Orúkọ tí aláìsàn ò gbọ́ rí ni wọ́n wá ń gbé lé e lọ́wọ́. Yàtọ̀ síyẹn, láti ọdún 2019 ni GINA, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú asímà kárí ayé, ti ní kí wọ́n yéé fi ìnhélà búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà.

Salbutamol ni oògùn inú búlúù ọ̀hún, láti 1969 ni Ventolin sì ti wà lórí àtẹ. Òun ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dẹ iṣan tó fún ọ̀nà èémí pa, àmọ́ ó máa ń yà dé ara iṣan ọwọ́ àti ọkàn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tiẹ̀ tún le ju èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu lọ, torí gbogbo ara ló ń gbà kọjá kó tó dé àyà. Gbígbọ̀n yẹn sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, tó bá sì yá, ara á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fín in lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kó má bá oògùn wí o, ikọ́ ẹ̀ ló ń le sí i. Kó tètè lọ rí dókítà.

Ibi tọ́rọ̀ ti burú jù rèé. Ẹni táyà ẹ̀ ń lù lè gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ, kó ní, "Ẹ bá mi wá nǹkan tó máa mú àyà mi balẹ̀." Bónítọ̀hún ò bá béèrè ọ̀rọ̀, tó wá gbé propranolol fún un, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́, ó ti kó bá a nìyẹn. Oògùn yẹn lè fún ọ̀nà èémí alásímà pa, ó sì tún ń dí salbutamol lọ́wọ́ iṣẹ́. Timolol tí wọ́n ń kán sójú fún glaucoma náà lè ṣe é. Ìkán kan péré sójú! Aspirin àti ibuprofen pẹ̀lú máa ń dá ikọ́ náà sílẹ̀ fáwọn kan. Kéèyàn tó sọ ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ ní, "Asímà ń ṣe mí."

Ìnhélà kejì, tí beclomethasone tàbí budesonide wà nínú ẹ̀, ìwà tiẹ̀ yàtọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kára tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tọ́pọ̀ èèyàn fi ń pa á tì pé kò ṣe nǹkan kan. Ohùn tó ń há àti nǹkan funfun tó ń hù sórí ahọ́n, oògùn tó ṣẹ́kù sẹ́nu ló ń fà á. Omi lásán lè dín in kù: kéèyàn yọnu, kó fi fọ ọ̀nà ọ̀fun, kó tu ú dànù. Ẹni tó bá ń fín in kó tó fọnu láàárọ̀ àti lálẹ́ ti bọ́ nínú ẹ̀.

Montelukast nìkan ni kò yẹ kẹ́nikẹ́ni máa fara dà. Bí ọmọ tó ń lò ó bá ń lá àlákálàá, tó ń bínú sódì, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Lóṣù kẹta, ọdún 2020, ni àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára páálí ẹ̀. Prednisolone ní tiẹ̀, àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dáa kí wọ́n lò ó, torí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró.

Àwọn ọmọdé ńkọ́, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìnhélà? Lọ́dún 1999, Heather Zar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cape Town fi hàn nínú ìwé ìròyìn The Lancet pé ike omi 500 milílítà, tí wọ́n dá ihò sí ìdí ẹ̀ kí ẹnu ìnhélà lè wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì dí etí ẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má jò, ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Irú ike bẹ́ẹ̀ ò wọ́n l'Òfìkì. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ọmọ á fi ẹnu sí ẹnu ike, ìyá á fín in lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á mí síbẹ̀ bí ìgbà márùn-ún kí wọ́n tó fín ẹlẹ́ẹ̀kejì.