Kérésìmesì Kì í Ṣe Ọjọ́ Kan: Àdúrà Ìdílé láti Ọjọ́ Ìbí dé Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Bí aboyún bá bímọ láyọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí kì í tú ká lọ́jọ́ náà. Ará ilé àti ará àdúgbò á máa wọlé kí ìyá ọmọ pé, "Ẹ kú ewu ọmọ," títí di ọjọ́ kẹjọ tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa lóde òní ń sọ ọmọ lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí fún Ọmọ tí a bí fún wa ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé àwa Kátólíìkì? Lóru ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Lọ́jọ́ 25, ìrẹsì àti adìẹ kún abọ́. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ 26, kò sí ẹni tí ó tún bèèrè ọmọ tuntun mọ́. Àsìkò tí àwọn ọmọ ti ọ̀nà jíjìn wálé, tí gbogbo ẹbí wà lójú kan, ni àdúrà ìdílé wá ń dákẹ́ jù lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ tí a kà sí ọ̀kan

Nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ, ìgbà Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá títí di àjọ̀dún Ìrìbọmi Olúwa ní oṣù Kìíní. Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni Ìjọ ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ọjọ́ 26 jẹ́ ti Stéfánù Mímọ́, ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nítorí orúkọ Jésù. Ọjọ́ 27 jẹ́ ti Jòhánù Mímọ́, Àpọ́sítélì. Ọjọ́ 28 jẹ́ ti àwọn Ọmọ Aláìṣẹ̀ tí Hẹ́rọ́dù pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà á lẹ́nu pé ẹkún sún mọ́ ibùsùn Ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. Ìtùnú ni fún ìdílé tí àga kan ṣófo nínú rẹ̀ lọ́dún yìí: Kérésìmesì kì í ṣe ti àwọn tí ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá bọ́ sáàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni àjọ̀dún Ìdílé Mímọ́, tí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fi lélẹ̀ fún gbogbo Ìjọ ní ọdún 1921. Bí Kérésìmesì fúnra rẹ̀ bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 30 ni a ń ṣe é.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni ó wá pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọdún tuntun lásán, ṣùgbọ́n àjọ̀dún Màríà, Ìyá Ọlọ́run ni. Ìhìnrere Lúùkù tí a ń kà nínú Mísà ọjọ́ náà sọ fún wa pé ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pe orúkọ Ọmọ náà ní Jésù, orúkọ tí áńgẹ́lì ti sọ kí a tó lóyún rẹ̀. Lójú Yorùbá, orúkọ yìí kì í ṣe àbísọ. Láti ọ̀run ni a ti mú un wá.

Ibùjẹ ẹran nínú ilé wa

Ní Kérésìmesì ọdún 1223, Fransisi Mímọ́ ti Assisi ní kí wọ́n gbé ibùjẹ ẹran, koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá sí Greccio ní ilẹ̀ Ítálì, a sì ṣe Mísà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2019, Póòpù Francis, tí ó di olóògbé ní ọdún 2025, lọ sí Greccio kan náà, ó sì fọwọ́ sí ìwé kan tí ó fi rọ àwọn ìdílé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àṣà yìí parẹ́.

Kò pọn dandan kí tiwa jẹ́ olówó ńlá. Páálí, koríko gbígbẹ àti ère amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ọwọ́ ara wọn mọ ti tó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a má ṣe tú u ká ní ọjọ́ 26. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí di àjọ̀dún Ìrìbọmi Olúwa, kí ó sì jẹ́ ibi tí a ti ń gba àdúrà.

Bí a ṣe lè gba àdúrà náà

Ìpàdé ńlá Vatican Kejì pe ìdílé ní Ìjọ inú ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálaalẹ́ tó fún Ìjọ kékeré yìí. Kí bàbá, tàbí ìyá, tàbí ìyá àgbà tan àbẹ́là, kí gbogbo ilé ṣe àmì àgbélébùú. Kí ọmọ kan ka díẹ̀ nínú orí kejì ìwé Lúùkù. Kí a gba ẹ̀wádún kan nínú Rósárì, pàápàá ohun ìjìnlẹ̀ ayọ̀ kẹta, èyí tí ó jẹ mọ́ ìbí Olúwa. Kí olúkúlùkù dárúkọ oore kan tí Ọlọ́run ṣe fún un, àti ẹni kan tí kò sí nílé. Bí ẹni náà bá wà ní òkè òkun, ẹ pè é lórí fóònù kí òun náà dá "Mo kí ọ Màríà" kan. Ní ìparí, kí àwọn òbí fi àmì àgbélébùú sí iwájú orí àwọn ọmọ wọn.

Ní ọjọ́ 28, ẹ rántí àwọn ìyá tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, kí ẹ sì súre fún un ní orúkọ Jésù. Ní àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa, ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì tí àlùfáà bùkún kọ C, M àti B pẹ̀lú ọdún sókè ẹnu ọ̀nà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì ni, tí ó túmọ̀ sí pé kí Kristi bùkún ilé yìí.

Àlejò wa kò tíì lọ, ẹ má jẹ́ kí ó dá nìkan wà. Kí Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù máa gbé inú ilé wa. Àmín.