Oúnjẹ pupa tí onímọ̀ fi ń tọ ipasẹ̀ kòkòrò ajẹnirun

Àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo ní Ìrèsì, ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ní ṣàì mọ kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fall armyworm. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 2016 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá. Bí àgbẹ̀ fín oògùn lónìí, kì í pẹ́ tí òmíràn á tún fi dé. Níbo ni wọ́n ti ń wá?

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò ti ń wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Kòkòrò kò ṣeé so lókùn bí ewúrẹ́, kò sì ṣeé sàmì sí létí bíi màlúù. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé kí wọ́n fi oúnjẹ sàmì sí i.

Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń sin kòkòrò bí ẹni ń sin adìyẹ. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà tàbí ti àlìkámà, ìwúkàrà, ṣúgà, fítámì àti èròjà tó ń mú nǹkan dì bí ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti fi sin kòkòrò tó ń gún pòròpórò àgbàdo àti èyí tó ń ba òdòdó àti èso ẹ̀wà jẹ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ sàmì, wọ́n á po àwọ̀ pupa kan tó ń yọ́ nínú òróró, Calco Oil Red, mọ́ oúnjẹ náà. Bí ọmọ kòkòrò bá jẹ ẹ́, àwọ̀ náà á wọ inú ọ̀rá ara rẹ̀. Bó bá di afòpiná tó ń fò, pupa náà á ṣì wà níbẹ̀ bí osùn lára aṣọ funfun. Wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á dẹ pàkúté dè é. Èyí tí pàkúté bá mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí inú rẹ̀ bá pupa, tiwọn ni. Bí kò bá pupa, ará oko ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ bó ṣe fò jìnnà tó, iye ọjọ́ tó lò láyé, àti bí àwọn ará oko ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ bí àwọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè pa kòkòrò lára, ìwádìí á sì ṣini lọ́nà.

Ọ̀nà yìí wúlò púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú pink bollworm, kòkòrò òwú, tí wọ́n ti sọ di aláìlèbímọ, sílẹ̀ ní àfonífojì San Joaquin ní California. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó lè bí. Wọ́n tún gbin òwú tí kòkòrò náà kò lè jẹ kó yè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba wọn kéde pé ó ti tán nínú oko òwú wọn.

Ní ti àgbàdo tiwa, àjọ FAO sọ pé afòpiná fall armyworm lè fò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Èyí tó gbéra ní Ìlá-Ọ̀ràngún lálẹ́ lè wà ní oko Ìrèsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn tí ẹnì kan dá fín sí oko tirẹ̀ kò lè tó. Kí àgbẹ̀ àdúgbò kan náà gbìn lásìkò kan náà, kí wọ́n máa yẹ ewé wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ fọ́ níbi tí wọ́n bá ti rí i. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.