"Ní Sùúrù": Ìtọ́jú Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, èyí tí àwa olùkọ́ máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú: "Ní sùúrù." Inú èdè Lárúbáwá ni a ti yá sùúrù, gẹ́gẹ́ bí a ti yá àlàáfíà àti àdúrà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di "pa ẹnu rẹ mọ́".

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Láti ìgbà tí a ti dá agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2006, títí di 2023 tí a ṣí èbúté ọkọ̀ òkun àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ àti apẹja ni ilẹ̀ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí oko bàbá rẹ̀ ti di ọgbà ilé-iṣẹ́ lè jókòó ní kíláàsì kí ó máa wo pátákó láìrí nǹkan kan. Bí a bá ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, a fi ẹ̀bi kún ìbànújẹ́ rẹ̀ ni.

Àlùkùránì kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Súrà Yúsúfù, Ànábì Yàkúbù sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun; síbẹ̀, àpẹẹrẹ onísùúrù ni ó jẹ́. Ọdún tí Khadijah àti Abu Talib kú, ní nǹkan bí 619, ni àwọn òpìtàn Mùsùlùmí ń pè ní Ọdún Ìbànújẹ́. Wọn kò fi í pamọ́.

Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ sí èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì ní inú ara ni èkejì ti ń wá. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún olùkọ́: "Kí ni ó ṣẹlẹ̀?" ni ó yẹ kí ó ṣáájú "Ní sùúrù". Bí ọmọ bá ní ohun tí yóò sọ, kí a gbọ́ ọ tán. Bí kò bá rí ìdí kankan tọ́ka sí, tí kò sùn, tí kò jẹun, ó di ti dókítà.

Ibẹ̀ ni òbí ti ń fà sẹ́yìn. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn Yábàá ti wà, ṣùgbọ́n èébú ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará Èkó. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti rọ́pò ti 1958 ní 2023. Òfin kò sì lè yí ẹnu ará àdúgbò padà. Àáfà ilé kéú lè ràn wá lọ́wọ́. Òbí tí kò ní gbà lẹ́nu tíṣà lè gbà lẹ́nu rẹ̀ pé lílọ sọ́dọ̀ dókítà kò tako àdúrà, nítorí Ànábì Muhammad fúnra rẹ̀ ní kí a máa wá ìwòsàn.