Bàtà tó dojú dé: báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ gbé bàtà kan dùbúlẹ̀, ẹ yí i po, ẹ dojú ẹ̀ dé: ọmọ kékeré á ṣì sọ fún yín pé bàtà ni. Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Nọ́ńbà lásán ni àwòrán lójú tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí bàtà yẹn díẹ̀ báyìí, àwọn nọ́ńbà náà ti yí padà nìyẹn.

Àwọn kámẹ́rà kan wà tó ń wọn jíjìn, irú bíi Kinect tí Microsoft gbé jáde fún Xbox 360 ní 2010. Fọ́tò máa ń sọ àwọ̀ ibi kọ̀ọ̀kan. Àwòrán jíjìn máa ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn sí kámẹ́rà tó. Ìyẹn dín wàhálà àwọ̀ kù, àmọ́ wàhálà yíyí ṣì wà níbẹ̀. Tí imú bàtà bá kọjú sí kámẹ́rà, imú ló sún mọ́ ọn. Ẹ yí i, ó di gìgísẹ̀.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Ká má fi kámẹ́rà ṣe ìdíwọ̀n mọ́. Ká ti ara bàtà fúnra ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ṣe é ni “spin image”, tí Andrew Johnson àti Martial Hebert kọ nípa ẹ̀ ní 1999. Ẹ mú ibì kan lára bàtà, kẹ́ ẹ rò ó pé abẹ́rẹ́ kan dúró ṣánṣán níbẹ̀. Fún gbogbo ibi tó yí i ká, nọ́ńbà méjì péré la máa kọ: báwo ló ṣe jìn sí abẹ́rẹ́ tó, báwo ló sì ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí ìdí abẹ́rẹ́ tó? Tí bàtà bá yí, abẹ́rẹ́ á bá a yí, àwọn nọ́ńbà yẹn ò sì ní yẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi wọ́n wé ti bàtà tó ti wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ o. A ò kọ ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Bàtà ọ̀tún àti tòsì sì rèé, bí ẹni wo dígí ni wọ́n rí síra wọn, torí náà nọ́ńbà wọn á bára mu. Rọ́bọ́ọ̀tì tó bá gbára lé ọ̀nà yìí nìkan á mọ̀ pé bàtà ni, á sì tún lè di ọ̀tún méjì sínú páálì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ife ló ń ṣà, kò séwu. Tó bá jẹ́ bàtà, a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà míì tá a máa fi dá ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí òsì.