Òru Òtẹ́ẹ̀lì àti Ìpele Tó Yẹ Kí Ẹ Lé ní 2026

Ìbẹ̀rẹ̀

American Airlines bẹ̀rẹ̀ ètò máìlì tirẹ̀, tó ń bu ènì fún oníbàárà tó ń padà wá, ní 1981. Ní 1983, Holiday Inn àti Marriott gbé ti òtẹ́ẹ̀lì kalẹ̀. Hilton àti Hyatt dé ní 1987. Marriott ra Starwood, tó ni Sheraton, ní 2016, ó da àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà méjèèjì pọ̀ ní 2018, ó sì sọ ọ́ ní Marriott Bonvoy ní 2019. Ẹni tó bá ti rí ìyá oníresì tó ń bu ènì sórí òṣùwọ̀n fún oníbàárà rẹ̀ ti mọ ọgbọ́n tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òtẹ́ẹ̀lì máa ń ka òru kó tó bu ènì tirẹ̀.

Ẹni tó kàn

Ẹni tí iṣẹ́ ń gbé kiri lọ̀rọ̀ yìí kàn: agbaṣẹ́ṣe tó ń lọ sí Àbújá lóṣooṣù, ẹnjiníà Houston tí iléeṣẹ́ ń rán síbi epo, oníwàásù tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀gá rẹ̀ ń rán lọ sí Manchester àti Leeds. Ẹni tí kì í sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tó òru 10 lọ́dún, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí wáìfáì àti ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó sì ní ẹ̀gbọ́n tó ní yàrá àlejò ní Ìkẹjà, ilé ẹ̀gbọ́n ni kó sùn, kó ra iṣu dání.

Iye òru tí wọ́n ń kà

Láti 1 oṣù Kìn-ín-ní sí 31 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ka òru tó ń gbé yín dé ìpele kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Marriott Bonvoy: Silver gba òru 10, Gold 25, Platinum 50, Titanium 75. Ambassador gba òru 100 pẹ̀lú ìnáwó dọ́là 23,000 láàárín ọdún kan náà, ìyẹn sì ti kúrò ní ti ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ rìn.

Hilton Honors ló yí òfin rẹ̀ padà ní 2026, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Títí di òpin 2025, òru 40 ni Gold, òru 60 ni Diamond. Láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026, Silver ṣì wà ní òru 10 tàbí ìwọlé 4 (ìwọlé kan ni ìgbà kan tí ẹ wọ òtẹ́ẹ̀lì títí ẹ fi jáde, iye òru yòówù kó jẹ́). Gold ti wálẹ̀ sí òru 25, tàbí ìwọlé 15, tàbí ìnáwó dọ́là 6,000. Diamond di òru 50, tàbí ìwọlé 25, tàbí dọ́là 11,500. Wọ́n wá fi ìpele tuntun kan lé e lórí tó ń jẹ́ Diamond Reserve: òru 80 tàbí ìwọlé 40, dọ́là 18,000 sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

World of Hyatt: Discoverist òru 10, Explorist 30, Globalist 60. Ẹni tí owó rẹ̀ ń yára ju òru rẹ̀ lọ lè fi pọ́ìntì ìpìlẹ̀ gbà á: 25,000, 50,000, 100,000. Pọ́ìntì 5 ni dọ́là kọ̀ọ̀kan ń mú wá, nítorí náà dọ́là 20,000 ni Globalist bí wọ́n bá fi owó ṣírò rẹ̀.

IHG One Rewards, tó ni Holiday Inn, Crowne Plaza àti InterContinental: Silver 10, Gold 20, Platinum 40, Diamond 70.

Accor, tí ètò rẹ̀ ń jẹ́ ALL, tó sì ni Ibis, Mercure, Novotel àti Sofitel: Silver 10, Gold 30, Platinum 60. Ìnáwó nìkan ni wọ́n fi ń dé Diamond níbẹ̀, pọ́ìntì ìpele 26,000.

Òru àti ìwọlé

Hilton nìkan ló ń ka ìwọlé nínú àwọn márùn-ún yìí, ó sì ń ṣe oníṣòwò alárìnká lóore. Ẹni tó bá ń lọ sí ibì kan, tó sùn òru kan ṣoṣo, tó sì padà lọ́jọ́ kejì, yóò di Gold ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún. Òru 15 nìkan ló sùn. Ẹni tó bá jókòó ọ̀sẹ̀ méjì sójú kan, ìwọlé kan ṣoṣo ló ní. Kó máa ka òru tirẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ lè dọ́gbọ́n sí i: bí ẹ bá dá kọ́kọ́rọ́ padà láàárọ̀, tí ẹ tún gbà á lọ́sàn-án ní òtẹ́ẹ̀lì kan náà, ìwọlé kan náà ni wọ́n á kà á sí.

Ohun mìíràn tí àwọn olóde máa ń ṣì ṣírò: bí ẹ bá sanwó yàrá púpọ̀ fún àlejò ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, òru kò ní di púpọ̀ nítorí ìyẹn lọ́dọ̀ Marriott àti Hyatt. Àwọn méjèèjì máa ń fún èèyàn ní pọ́ìntì lórí yàrá mẹ́ta, àmọ́ òru yàrá tí ẹ fúnra yín sùn nìkan ni wọ́n ń kà sí ìpele.

Oúnjẹ àárọ̀

Ibí ni ó yẹ kí ìpinnu dá lé, nítorí pé oúnjẹ àárọ̀ ni àǹfààní tí ẹ lè fi owó wọ̀n lójoojúmọ́.

Orúkọ Gold máa ń tan èèyàn. Gold Marriott kò ní oúnjẹ àárọ̀. Àfikún pọ́ìntì ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni, àti pé ẹ lè dúró nínú yàrá di aago méjì ọ̀sán bí àyè bá wà. Gold Hilton ní oúnjẹ àárọ̀ fún ẹni tó ni káàdì àti ẹnì kan tó bá a wà nínú yàrá, ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Hilton gan-an àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kárí ayé. Ní Amẹ́ríkà ni ó ti yàtọ̀: láti 2021, owó oúnjẹ tí kò pọ̀ ni wọ́n ń fún Gold àti Diamond lójúmọ́ ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá níbẹ̀, ó sì lè má tó ra ẹyin àti kọfí ẹni méjì.

Lọ́dọ̀ Marriott, ó di Platinum, òru 50, kí oúnjẹ àárọ̀ tàbí lọ́ọ̀njì tó wọlé. Lọ́dọ̀ IHG, ó di Diamond, òru 70. Lọ́dọ̀ Hyatt, ó di Globalist, òru 60, àmọ́ oúnjẹ Globalist kún ju ti gbogbo wọn lọ: àgbà méjì àti ọmọ méjì nínú yàrá kan ló ń jẹ ẹ́. Ìdílé tó ń kó ọmọ rìn, kó sàmì sí èyí. Accor há ọwọ́ síbẹ̀. Diamond rẹ̀ pàápàá, òpin ọ̀sẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà fún.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Bí oúnjẹ àárọ̀ bá jẹ́ dọ́là 25 fún ẹnì kan, tọkọtaya tó bá sùn òru 25 lọ́dún tó ń bọ̀ yóò fi Gold Hilton pa dọ́là 1,250 mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń mu ọ̀gì tàbí tíì lásán, tó sì ń jáde ní aago mẹ́fà, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìṣírò.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń fi yín sí. Hampton by Hilton àti Holiday Inn Express máa ń fún gbogbo àlejò ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Gold tàbí ẹni tí kò lórúkọ. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kì í fi síbòmíràn ju irú wọn lọ kò ní jèrè nǹkan kan nínú lílé ìpele nítorí oúnjẹ.

Yàrá tó dára jù

Ìpele lè gbé yín lọ sí yàrá tó dára jù, àmọ́ bó bá ṣófo nìkan ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Dídúró pẹ́ nínú yàrá

Platinum Marriott àti Globalist Hyatt lè dúró di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfi ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì etíkun àti irú wọn tó jẹ́ pé bí àyè bá wà ni. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa ń gbéra lálẹ́ yóò mọ iyì rẹ̀; ti àárọ̀ kò nílò rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìpele ń kú

Ìpele tí ẹ bá gbà ní 2026 á wà lọ́wọ́ yín títí di 29 oṣù Kejì 2028 lọ́dọ̀ Marriott àti Hyatt, títí di 31 oṣù Kẹta 2028 lọ́dọ̀ Hilton, títí di 31 oṣù Kejìlá 2027 lọ́dọ̀ IHG àti Accor. Ọjọ́ tí ẹ gbà á kò yí èyí padà. Ẹni tó bá pé òru rẹ̀ ní oṣù Kẹrin yóò jẹ ẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni tó bá pé e ní oṣù Kọkànlá, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló ní. Nítorí náà, bí ìrìn àjò bá wà tí ẹ lè fà síwájú, ẹ fà á sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Àṣìṣe oṣù Kejìlá ni ríra òru: ẹni tó ku òru mẹ́rin fún Platinum, tó wá lọ sanwó yàrá tí kò fẹ́ sùn sí. Ní dọ́là 120 lóru, dọ́là 480 ti lọ. Ẹ ka iye òru tí ẹ mọ̀ dájú pé ẹ máa sùn ní 2027 kí ẹ tó ṣe é. Bí kò bá tó òru 20, ẹ jókòó sílé.

Pọ́ìntì náà ń kú: lẹ́yìn oṣù 24 tí pọ́ìntì kò wọlé tí kò sì jáde lọ́dọ̀ Marriott, Hilton àti Hyatt, lẹ́yìn ọjọ́ 365 lọ́dọ̀ Accor, lẹ́yìn oṣù 12 lọ́dọ̀ IHG fún ẹni tí kò ní ìpele. Lọ́dọ̀ Accor, pọ́ìntì 2,000 jẹ́ yúrò 40, iye yẹn kì í yí; àwọn yòókù ń yí iye tiwọn bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà ẹ má kó pọ́ìntì jọ bí ẹni kó owó pamọ́. Bí ẹ bá fi pọ́ìntì sùn òru márùn-ún léra, Marriott yóò gba ti òru mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ yòówù. Hilton ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Silver sókè.

Ibi tí wọ́n wà

Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ọ̀nà tí ẹ ń rìn ni kó yan ẹgbẹ́ fún yín.

Èkó jẹ́ ti Marriott: Sheraton àti Lagos Marriott ní Ìkẹjà, Four Points ní Oniru, àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì Protea tí Marriott rà ní 2014. Hilton ní Legend nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ó sì ní Transcorp Hilton ní Àbújá, èyí tí ó tó fún ẹni tó jẹ́ pé Àbújá ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Accor ní Ibis ní Ìkẹjà, ó sì ní Novotel Orisha ní Cotonou fún ẹni tó ń lọ síbi ọdún Vodun ní oṣù Kìn-ín-ní. Ní Brazil, Accor ló fẹsẹ̀ rinlẹ̀ jù. Ní Salvador, Ibis àti Mercure wà ní Rio Vermelho, àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé ẹbọ Yemọja lọ sínú òkun ní 2 oṣù Kejì. Ẹ gba yàrá ibẹ̀ ṣáájú ọdún Kérésì.

Kúbà: pọ́ìntì Amẹ́ríkà kò wúlò níbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí Marriott kúrò ní Havana ní 2020.

Ní England, Premier Inn kò ní ètò ìpele, síbẹ̀ ẹ fi owó rẹ̀ wé ti Hilton ní gbogbo ìgbà. Ìgbà tó bá fi pọ́n-ùn 30 dínkù, ibẹ̀ lẹ máa sùn.

Òṣogbo, Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́: ẹ bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀.

Káàdì

Àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà lè fi káàdì gba ohun tí àwọn yòókù ń fi òru gbà. Hilton Surpass ti American Express, dọ́là 150 lọ́dún, ń fúnni ní Gold lójú ẹsẹ̀. Káàdì IHG Premier, dọ́là 99, ń fúnni ní Platinum pẹ̀lú òru ọ̀fẹ́ kan lọ́dún. Ti Hyatt, dọ́là 95, ń fúnni ní Discoverist. Ẹni tí kì í san gbèsè káàdì rẹ̀ tán lóṣooṣù, kó má gba ìkankan nínú wọn. Èlé yóò jẹ oúnjẹ àárọ̀ náà kí ó tó dé tábìlì.

Ìpele títí ayé

Marriott nìkan ló súnmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù: Silver títí ayé ní òru 250 pẹ̀lú ọdún 5 lórí ìpele, Gold ní òru 400 pẹ̀lú ọdún 7, Platinum ní òru 600 pẹ̀lú ọdún 10.

Èyí tí a mú

Fún ẹni tó ń sùn láàárín òru 15 sí 40 lọ́dún, Gold Hilton, kó sì dúró síbẹ̀. Diamond kò fi ohun tó tó ìlọ́po ìnáwó náà kún un. Fún ẹni tí Èkó jẹ́ ibùdó rẹ̀, tó sì dájú pé òun yóò kọjá òru 50, Platinum Marriott. Fún ọ̀nà Cotonou àti Bahia, Accor. Hyatt wà fún ìdílé tó ń rìn káàkiri ìlú ńlá Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọmọ. IHG, ẹ gba káàdì rẹ̀, ẹ má lé òru rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: yàrá tí ẹ bá gbà lórí Booking.com tàbí Expedia kì í wọ inú òru yín. Ẹ gbà á lórí ápù òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ẹ rí i pé nọ́mbà ẹgbẹ́ yín wà lórí ìwé kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì títí òru náà yóò fi hàn nínú àkáǹtì yín.